Ṣé O Mọ̀? Orí Kìn-ín-ní Lásán Ni Tíṣà Ti Dẹ Pańpẹ́ Sílẹ̀!

Ṣé o mọ̀ pé apá tó kán ni gbólóhùn àkọ́kọ́ nínú To Kill a Mockingbird fi bẹ̀rẹ̀? Apá Jem ni. Oríkèé ìgúnpá ló ti kán, nígbà tó kù díẹ̀ kí ọmọ náà pé ọdún 13. O ti gbàgbé, àbí? Tíṣà ti mú ọ nìyẹn!

Ọdún 1960 ni Harper Lee gbé ìwé ìtàn yìí jáde ní Amẹ́ríkà. Orí 31 ló ní. Tíṣà tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá o ka orí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lóòótọ́ kò ní bi ọ́ pé ta ni Atticus. Gbogbo ẹni tó wo fíìmù ọdún 1962 ló mọ̀ ọ́n. Òun ni Gregory Peck ṣe tó fi gba Oscar. Ohun tín-ín-tín ni yóò béèrè. Ó yá, súnmọ́ mi.

Ọmọ ọdún mélòó ni Scout, àbúrò Jem tó ń sọ ìtàn náà, nígbà tó bẹ̀rẹ̀? Kò tíì pé 6!

Dill ọ̀rẹ́ wọn ní òun ń lọ sí ọdún 7. Ara rẹ̀ kéré débi pé Jem ti kọ́kọ́ bi í bóyá ọmọ ọdún mẹ́rin ààbọ̀ ni.

Ta wá ni Dill yìí lójú ayé? Truman Capote! Òun àti Harper Lee múlé gbera nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé ní Monroeville, ní ìpínlẹ̀ Alabama. Àwọn méjèèjì di ìlú-mọ̀ọ́ká òǹkọ̀wé. Àdúgbò kan ṣoṣo o!

Kí ló wà ní ọ́fíìsì Atticus, bàbá Scout? Mo fẹ́ràn ìbéèrè yìí gan-an. Igi ìfilàkọ́ kan. Agolo ìtutọ́sí. Pátákó dírááfù. Àti ìwé òfin Alabama tí ìdọ̀tí kankan kò kàn. Ó tán! Lọ́yà ni o.

Àwọn oníbàárà méjì àkọ́kọ́ tó gbèjà ńkọ́? Wọ́n yẹgi fún àwọn méjèèjì! Alágbẹ̀dẹ ni wọ́n pa, nítorí abo ẹṣin, níwájú ẹlẹ́rìí mẹ́ta. Atticus bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbà pé àwọn jẹ̀bi ẹ̀sùn tó fúyẹ́ díẹ̀, kí ẹ̀mí wọn lè yọ. Wọ́n fárígá.

Dúró ná. Bàbá Harper Lee fúnra rẹ̀, A. C. Lee, lọ́yà ni. Ní ọdún 1919, ó gbèjà ọkùnrin aláwọ̀ dúdú méjì, bàbá àti ọmọ. Wọ́n yẹgi fún àwọn náà. Èyí kì í ṣe inú ìwé mọ́ o, ojú ayé ni!

Ó yá, Boo Radley, aládùúgbò wọn. Ó jókòó, ó ń fi àlùmọ́gàjí gé ìwé ìròyìn. Bàbá rẹ̀ ń kọjá lọ. Boo gún un lẹ́sẹ̀. Ó fa àlùmọ́gàjí yọ, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò ara rẹ̀, ó sì ń gé ìwé ìròyìn rẹ̀ lọ!

Ọmọdé kọ́. Ẹni ọdún 33 ni.

Àmọ́ ta ló sọ ọ́? Háà, ibí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣubú. Scout kò sí níbẹ̀. Jem ló sọ fún un, Miss Stephanie Crawford ló sì sọ fún Jem. Ọ̀rọ̀ olófòófó àdúgbò ni látòkèdélẹ̀! Bí mo bá jẹ́ tíṣà, ìbéèrè yìí nìkan ni n bá bi kíláàsì, n bá sì jókòó.

Wọlé sí orí kejì. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí Scout dé iléèwé ló rí ìjàngbọ̀n. Kí ló ṣe? Ó mọ̀wé kà! Miss Caroline, tíṣà tí kò ju ẹni ọdún 21 lọ, ní kí bàbá rẹ̀ má kọ́ ọ mọ́. Kó tó di ọ̀sán, rúlà ti dé àtẹ́lẹwọ́ ọmọ.

Igi ìdáná ni bàbá Walter Cunningham, ọmọ kíláàsì Scout, fi san owó lọ́yà fún Atticus. Ó tún kó ẹ̀fọ́ wá!

Burris Ewell, ọmọ kíláàsì wọn mìíràn, ńkọ́? Ọjọ́ kan péré ló ń wá síléèwé lọ́dún. Ọdún kẹta rẹ̀ rèé ní kíláàsì kìn-ín-ní.

Ohun tí Scout rí nínú ihò igi kan ní orí kẹrin: ṣingọ́ọ̀mù méjì, lẹ́yìn náà owó ẹyọ sẹ́ǹtì méjì. Ọdún wo ló wà lára wọn? 1906 àti 1900. Bẹ́ẹ̀ ni, tíṣà lè béèrè ìyẹn náà!

Ẹjọ́ Tom Robinson, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí Atticus gbèjà, tí gbogbo ayé fi mọ ìwé yìí wá ńkọ́? Tú orí 1 dé 8 wò bí ẹni ń ṣa ìrẹsì. O ò ní rí orúkọ rẹ̀. Ó di orí kẹsàn-án!

Ó ju mílíọ̀nù 40 ẹ̀dà lọ tí wọ́n ti tà. Ó gba ẹ̀bùn Pulitzer ní 1961. Síbẹ̀, ní ọdún 1966, ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ Hanover County ní Virginia ní kí wọ́n kó o kúrò níléèwé, pé ìwé oníṣekúṣe ni.

Kí ni Harper Lee ṣe? Ó fi lẹ́tà àti dọ́là 10 ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn Richmond News Leader. Ó ní kí wọ́n fi owó náà forúkọ ìgbìmọ̀ yẹn sílẹ̀ ní kíláàsì kìn-ín-ní, níléèwé tó bá wù wọ́n!

Ìwé ìròyìn ọ̀hún ti ń há ìwé náà nígbà náà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ̀wé béèrè. Ọ̀fẹ́!