Pẹpẹ Onípákó Nínú Balùwẹ̀: Ohun tí Òjò àti Ọyẹ́ Ń Ṣe sí I ní Goro

Ní Goro, tó wà lábẹ́ Tchaourou ní ẹ̀kùn Borgou lórílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, òjò máa ń rọ̀ láti nǹkan bí oṣù Kẹrin títí di oṣù Kẹwàá, lẹ́yìn náà ni ẹ̀ẹ̀rùn yóò wọlé pẹ̀lú ọyẹ́, ìyẹn afẹ́fẹ́ gbígbẹ tó ń fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà. Pákó tó bá wà nínú balùwẹ̀ ń jìyà àsìkò méjèèjì. Nígbà tí balùwẹ̀ ṣì wà lẹ́yìnkùlé láìní òrùlé, oòrùn àti atẹ́gùn ló ń gbẹ ohun tó bá tutù níbẹ̀, ṣùgbọ́n balùwẹ̀ tí a fi ṣìmẹ́ńtì mọ sínú ilé, tí fèrèsé rẹ̀ kò ju ihò kékeré lọ, ń há oru omi mọ́ inú ara rẹ̀.

Igi a máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́, a sì máa tú u sílẹ̀, títí òun àti afẹ́fẹ́ yóò fi bára dọ́gba. Ìwúwo igi gbígbẹ ni àwọn onímọ̀ fi ń wọn omi yìí: bí pákó tó wúwo tó kílò 10 nígbà tó gbẹ pátápátá bá fa omi tó tó kílò 2, a jẹ́ pé omi inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ọ̀rinrin, ìyẹn ìwọ̀n omi inú afẹ́fẹ́ sí gbogbo èyí tó lè gbà, bá wà ní ìdá 30, omi inú igi yóò dúró sí nǹkan bí ìdá 6. Bí ọ̀rinrin bá dé ìdá 90 tí kò sì tètè wálẹ̀, omi inú igi yóò sún mọ́ ìdá 20, bó bá sì ti kọjá ibẹ̀ ni àwọn ẹ̀dá ìdílé olú tó ń jẹ igi yóò ráyè. Bí igi ṣe ń fa omi bẹ́ẹ̀ ló ń fẹ̀ sí i ní ìbú, láìfi bẹ́ẹ̀ gùn sí i, ìdí sì nìyí tí pákó tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀ pinpin lásìkò òjò fi ń là nígbà tí ọyẹ́ bá dé.

Apá, ìrókò àti tíìkì kì í tètè jẹrà, àmọ́ àárín igi nìkan ni èyí kàn. Ibi funfun tó wà lábẹ́ èèpo kò lágbára láti dènà ìjẹrà, irú igi yòówù kó jẹ́, ó sì yẹ kí oníbàárà ní kí káfíńtà gé e kúrò. Láti ọdún 2023 ni igi apá ti ilẹ̀ Áfíríkà ti wà lára àwọn tí àdéhùn àgbáyé CITES ń ṣọ́ títà wọn láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Pákó tí a fi èérún igi àti gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀ kò yẹ ní balùwẹ̀ rárá, nítorí bó bá ti wú, kì í padà sípò.

Ní ti ohun tí a lè fi kun pákó, òrí pọ̀ ní agbègbè yìí, ó sì dára fún awọ ara, ṣùgbọ́n kì í gbẹ lórí igi, ìdọ̀tí á sì máa lẹ̀ mọ́ ọn. Òróró irúgbìn ọ̀gbọ̀, tí wọ́n ń pè ní huile de lin lédè Faransé, yàtọ̀ ní tirẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ ń sọ ọ́ di awọ líle. Fáníìṣì sì tún ń dí omi lọ́nà jù ú lọ. Èyíkéyìí tí a bá lò, gbogbo ojú pákó ni kó dé, pàápàá orí àti ìdí rẹ̀ tí ayùn gé, nítorí ibẹ̀ ni omi ti ń yára wọlé jù. Bí a bá kun ojú òkè nìkan, ẹ̀yìn yóò máa fa omi, pákó yóò sì wọ́. Ó tún yẹ kí àlàfo wà láàárín pẹpẹ àti ògiri, kí ìṣó rẹ̀ jẹ́ onídẹ tí kì í dípẹtà, kí fèrèsé sì wà ní ṣíṣí lẹ́yìn ìwẹ̀, nítorí fáníìṣì tó dára jù lọ kò lè ṣe iṣẹ́ atẹ́gùn.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni ó dára jù láti kun pákó, nígbà tó ti gbẹ dáadáa. Kí ẹni tó bá lo òróró ọ̀gbọ̀ má ṣe ká àkísà rẹ̀ jọ sí igun ilé: bí òróró náà ṣe ń gbẹ ló ń mú ooru jáde, àkísà tí a ká jọ sì lè gbiná fúnra rẹ̀. Ìta gbangba ni kó sá a sí, kó sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ títí yóò fi gbẹ.