Bí Ọ̀gá Ti Ń Pín Iṣẹ́ Kí Iṣẹ́ Lè Gbilẹ̀

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ọwọ́ kan kì í gbé ẹrù dé orí. Ọ̀gá tí ó bá di gbogbo iṣẹ́ mú fún ara rẹ̀, ọjọ́ tí ó bá kú ni iṣẹ́ náà kú. Ẹ wo àwọn agbẹ́gilére Ọ̀sì, ní Èkìtì ti Kwara. Ìpele mẹ́rin ni iṣẹ́ wọn ní: ọnà lílé, àlétúnlé, dídán àti fínfín. Igi tí a bá gé jù nínú ọnà lílé kò ní àtúnṣe. Ọwọ́ àgbà ni ó tọ́ sí. Ṣùgbọ́n dídán ṣe é fi lé ọmọ-iṣẹ́ lọ́wọ́, kí ọ̀gá sì máa ṣọ́ ọ, títí yóò fi tó èyí tí ó le jù ú lọ.

Irú ìfọkàntán yìí ni Àreògún ará Ọ̀sì ní, tí ó fi fa Bándélé ọmọ rẹ̀ lé Ọ̀ṣámúkọ̀ lọ́wọ́, ẹni tí òun tìkára rẹ̀ ti kọ́ ní iṣẹ́. Nígbà tí àwọn àlùfáà Kátólíìkì dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní ọdún 1947, Bándélé náà di ọ̀gá níbẹ̀, ó sì kọ́ Lámídì Fákẹ́yẹ, tí òkìkí rẹ̀ kàn dé òkè òkun.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ kí òwò rẹ̀ gbòòrò, kí ó fi iṣẹ́ léni lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀, kí ó má sì gbé ojú kúrò.