Ọtí Kíkorò àti Ṣúgà inú Ẹ̀jẹ̀

Ìbéèrè kan wà tí àwọn bàbá wa fẹ́ràn láti máa bi oníṣègùn: bí àìsàn bá jẹ́ ti ṣúgà, tí ògógóró sì korò, tí kò sí ṣúgà kankan nínú rẹ̀, ǹjẹ́ kì í ṣe ògógóró gan-an ni oògùn rẹ̀?

Ìbéèrè náà kì í ṣe ti òmùgọ̀. Àtọ̀gbẹ ni à ń pe àìsàn yìí. Ohun tí ojú rí ni orúkọ náà ń ròyìn: aláìsàn ń tọ̀, ó sì ń gbẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí a tún bẹ̀rẹ̀ sí pè é ní ìtọ̀ ṣúgà, ọkàn gbogbo ènìyàn lọ sórí adùn. A sì ti gbà tipẹ́ pé ohun kíkorò ni í ṣẹ́gun ohun dídùn; ẹ wo bí a ti ń fi àgbo kíkorò lé jẹ̀díjẹ̀dí. Báyìí ni ẹlòmíràn ṣe kọ ẹlẹ́rìndòdò sílẹ̀, tí ó kọrí sọ́dọ̀ oníparaga, tí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ ti èdè kò lè ṣàì sọ ọ́: orúkọ lè ṣi ènìyàn lọ́nà.

Ṣúgà tí a ń wí kì í ṣe èyí tí a bù sínú tíì nìkan. Iyán, ẹ̀bà, àmàlà, ìrẹsì, gbogbo wọn ni ara ń sọ di ṣúgà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé kiri. Ínsúlíìnì, tí ẹ̀yà ara kan lẹ́yìn ikùn ń ṣe, ni ó ń ṣílẹ̀kùn fún un láti wọ inú iṣan. Bí ínsúlíìnì kò bá tó, tàbí tí ara kò dá a lóhùn mọ́, ṣúgà yóò kún inú ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ó kéré jù náà léwu, nítorí ṣúgà ni oúnjẹ ọpọlọ. Ẹ̀dọ̀ ni àká tí ara ní fún èyí. Bí a bá jẹun, ẹ̀dọ̀ a máa kó ṣúgà pamọ́. Bí a bá sùn tàbí tí a gbààwẹ̀, a máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí àká bá sì ń ṣófo, a máa ṣe tuntun láti inú ohun mìíràn.

Ibí yìí ni ọtí ti wọlé. Ara kò ní ibi tí yóò tọ́jú ọtí sí, nítorí náà ẹ̀dọ̀ níláti kọ́kọ́ dá a lóhùn. Ìgò bíà ńlá kan, sẹ̀ǹtílítà 60, tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 5 nínú 100, ní ojúlówó ọtí tí ó tó gíráàmù 24 nínú. Ẹ̀dọ̀ yóò lo bíi wákàtí 3 lórí rẹ̀. Ní gbogbo àsìkò yìí, ṣúgà tuntun tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe dín kù gidigidi. Ẹni tí ó ti jẹun dáadáa lè má mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tí kò jẹun láti àárọ̀, tí ó sì gún abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì tàbí tí ó lo glibenclamide, ni ewu wà fún: oògùn ń fa ṣúgà wálẹ̀, ẹ̀dọ̀ kò sì rí àyè fi tirẹ̀ dípò. Ó lè ṣẹlẹ̀ lóru, ó sì lè di ọjọ́ kejì. Òótọ́ ni, nígbà náà, pé ògógóró lè mú ṣúgà wálẹ̀. Àká ni ó tì pa. Kò wo àìsàn kankan sàn.

Ti ẹmu tún yàtọ̀. Omi ọ̀pẹ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá kún fún ṣúgà. Bí ó ti ń hó láti àárọ̀ di alẹ́ ni ìwúkàrà inú rẹ̀ ń sọ ṣúgà náà di ọtí. Ẹni tí ó mu ti àárọ̀ mu ṣúgà. Ẹni tí ó mu ti alẹ́ mu ọtí.

Ní ti ìsanra, ẹ gbọ́ ìṣirò yìí: gíráàmù ṣúgà kan ń fún ara ní kálórì 4, ti ọ̀rá 9, ti ọtí 7. Ìgò bíà tí a wí lẹ́ẹ̀kan tó nǹkan bíi kálórì 250, kì í sì í sábà dá wá láìsí súyà. Nígbà tí ara bá ń jó ọtí lọ́wọ́, ọ̀rá ẹran náà a máa dúró, a sì máa gbé inú ikùn. Ikùn ọlọ́ràá bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí í mú ara di adití sí ínsúlíìnì. Ọ̀mùtí mìíràn rù, lóòótọ́, ṣùgbọ́n àìjẹun ni ó fà á.

Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé ẹni tí ṣúgà rẹ̀ lọ sílẹ̀ jọ ẹni tí ọtí ń pa. Òógùn bò ó, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ranlẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò ní, “Bàbá ti yó, ẹ jẹ́ kí wọ́n sùn.” Bí ẹ bá mọ̀ pé ó ní àtọ̀gbẹ, ẹ má jẹ́ kí ó sùn bẹ́ẹ̀. Bí ó bá lè gbé nǹkan mì, ẹ po ṣíbí tíì ṣúgà 3 tàbí 4 sínú omi fún un, kí ó sì jẹun lẹ́yìn náà. Bí kò bá mọ ara rẹ̀ mọ́, ẹ má ṣe da ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Ẹ sọ fún wọn níbẹ̀ pé ó ní àtọ̀gbẹ, kí ẹ sì sọ pé ó mutí, bí ojú tilẹ̀ ń tì yín. Abẹ́rẹ́ glucagon ń ṣiṣẹ́ nípa pípe ẹ̀dọ̀ kí ó tú ṣúgà sílẹ̀. Bí àká bá ti ṣófo, ẹ̀dọ̀ kò ní ohun tí yóò tú, àfi kí wọ́n fa omi ṣúgà sí i nínú iṣan ẹ̀jẹ̀.