Apá Àtọwọ́dá: Ẹ Bi Ẹni Tí Yóò Lò Ó

Bí ẹgbẹ́ bá ń dáwó láti ra apá àtọwọ́dá fún ẹni tí a gé lápá, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi í pé iṣẹ́ wo ni yóò fi ṣe.

Ẹ gbọ́ ti D. W. Dorrance, ará Amẹ́ríkà, tí ó pàdánù ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú ní 1909. Nígbà tí ó di 1912, ó ti ṣe tirẹ̀: ìwọ̀ irin méjì tí ń pàdé bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ. Okùn kan gba ẹ̀yìn lọ sí èjìká kejì. Bí ó bá ti èjìká síwájú, ìwọ̀ a yà. Bí ó bá dá a padà, rọ́bà a pa á dé. Kò jọ ọwọ́ ènìyàn, ṣùgbọ́n ó ń di nǹkan mú, a sì ń lo irú rẹ̀ títí di òní.

Ẹwà náà ní àyè tirẹ̀. Ní Uyo, John Amanam ń fi sílíkóònù ṣe ọwọ́ tí ó dúdú bí ara wa, kí ẹni tí ó wọ̀ ọ́ má baà gbé ọwọ́ òyìnbó kiri.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń bọ́ apá àtọwọ́dá tì nítorí ìwúwo àti ooru. Ooru Warri sì rèé, ẹ mọ̀ ọ́n! Nítorí náà, bí ẹ bá dé ilé ìwòsàn Igbobi ní Èkó, tí ó ti wà láti 1945, tàbí ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ mìíràn, kí aránṣọ sọ ti abẹ́rẹ́, kí ìyá ọmọ sọ ti ọmọ pípọ̀n, kí a tó wọn apá.

Ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. Owó ni ti ẹgbẹ́; yíyàn ni ti ẹni tí yóò wọ̀ ọ́.