Ẹ Jẹ́ Ká Mọ̀: Kí ni 5.1 tó wà lára páálí home theatre?

Ẹni tó bá lọ ra home theatre ní ọjà Alábà, l'Ékòó, yóò rí 5.1 lára páálí. Sípíkà márùn-ún ni 5 yẹn: méjì níwájú, ọ̀kan láàárín wọn, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí lẹ́yìn àwọn tó ń wòran. Ẹyọ 1 ni subwoofer, àpótí tó ń gbé ohùn kíkẹ̀ jáde.

Ti àárín ló ṣe kókó jù fún ẹni tó ń wo fíìmù, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣèré ń gbà jáde. Bí orin bá ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, sípíkà àárín yìí ni kí wọ́n kọ́kọ́ yí sókè.

Wáàtì ńkọ́? Ẹ̀tàn pọ̀ níbẹ̀! PMPO tí wọ́n ń kọ gàdàgbà kò ju agbára ìṣẹ́jú àáyá lọ, kò sì ní òṣùwọ̀n kan pàtó. RMS, agbára tí ẹ̀rọ lè gbé láìdáwọ́dúró, ni kí oníbàárà bèèrè.

Ní ti àwòrán, 1080p ní àmì tíntìntín 1,920 ní ìbú, 1,080 ní òró. 4K jẹ́ 3,840 àti 2,160, ìlọ́po mẹ́rin gbáko. Ṣùgbọ́n DVD kò tó 1080p rárá; tẹlifíṣọ̀n 4K kò lè sọ ọ́ di 4K.