Ẹnu Ọ̀nà ni Ìdìbò Ti Ń Bẹ̀rẹ̀: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Ẹgbẹ́ Àwọn Nọ́ọ̀sì Amẹ́ríkà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ni ó ń fárí lẹ́yìn olórí nígbà tí wọ́n bá ń yan ààrẹ. Bí ọ̀rọ̀ ìdìbò bá délẹ̀, ohun tí a sábà máa ń bèèrè ni pé ta ni ó jáde, ìbò mélòó ni ó ní, àti pé ṣé kò sí màgòmágó nínú kíkà á. Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí dára, ṣùgbọ́n mo gbà pé ìbéèrè kan wà tí ó ṣáájú wọn: ta ni wọ́n gbà ní ọmọ ẹgbẹ́ kí ọjọ́ ìdìbò tó pé? Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo fẹ́ fi ìtàn ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣàlàyé pé ẹni tí ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ẹgbẹ́ lè ti yan olórí tán kí àwọn olùdìbò tó jókòó.

Bí Ẹgbẹ́ Náà Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Ní ọdún 1896 ni àwọn nọ́ọ̀sì tí wọ́n ti jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ péjọ nítòsí New York, tí wọ́n sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀. Isabel Hampton Robb ni wọ́n fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́. Ní 1911, ẹgbẹ́ náà yí orúkọ padà sí American Nurses Association, èyí tí n ó máa pè ní ANA láti ìsinsìnyí lọ. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, kò sí òfin ìpínlẹ̀ kankan ní Amẹ́ríkà tí ó sọ ẹni tí ó lè pe ara rẹ̀ ní nọ́ọ̀sì. Ìpínlẹ̀ North Carolina ni ó kọ́kọ́ ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ ní 1903. Iṣẹ́ gidi ni ó wà níwájú àwọn olórí ẹgbẹ́ náà nígbà náà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn tí ó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n para pọ̀ di ẹgbẹ́ ńlá. Nípa bẹ́ẹ̀, àwọn aláwọ̀ dúdú díẹ̀ rí ọ̀nà wọlé. Ọ̀kan nínú wọn ni Mary Eliza Mahoney, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì ní Amẹ́ríkà, ní ìlú Boston ní 1879. Ṣùgbọ́n ní 1916 ètò yí padà: ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀ ni ó di ẹnu ọ̀nà.

Àkàbà Tí Kò Ní Ìgbésẹ̀ Àkọ́kọ́

Ẹ jẹ́ kí n to ètò tuntun náà bí àkàbà. Nọ́ọ̀sì yóò kọ́kọ́ wọ ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀ rẹ̀. Ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀ yóò yan àwọn aṣojú. Àwọn aṣojú yóò pàdé ní ìpàdé gbogbo gbòò, níbẹ̀ ni wọn yóò sì ti dìbò yan ààrẹ àti àwọn ìgbìmọ̀. Bí ènìyàn bá wo ètò yìí lórí ìwé, kò sí ohun tí ó burú nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní gúúsù Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀ kì í gba aláwọ̀ dúdú. Ẹni tí kò bá sí nínú ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀ kò lè ṣe aṣojú. Ẹni tí kì í ṣe aṣojú kò ní ìbò. Ẹni tí kì í sì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ kò lè du ipò. Kò sí ìdí fún ANA láti kọ ọ́ sínú òfin pé aláwọ̀ dúdú kò gbọdọ̀ ṣe ààrẹ. Àwọn aṣọ́bodè ìpínlẹ̀ ti bá wọn ṣe é.

Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sórí oyè nìkan. Ó kan oúnjẹ òòjọ́. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, ọ̀dọ̀ Red Cross ni àwọn ológun ti ń gba nọ́ọ̀sì, Red Cross sì ń béèrè pé kí nọ́ọ̀sì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ANA. Ilẹ̀kùn kan ni wọ́n tì, ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn ni ó bá a tì.

Ẹgbẹ́ Tí Ó Kọ́ Àwọn Olórí

Kí ètò 1916 tó dé rárá ni Martha Minerva Franklin ti rí i pé ọ̀rọ̀ kò gún. Ó kọ lẹ́tà tí ó lé ní 1,500 sí àwọn nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú káàkiri. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1908, méjìléláàádọ́ta (52) nínú wọn pàdé ní New York, wọ́n dá National Association of Colored Graduate Nurses sílẹ̀, wọ́n sì fi Franklin ṣe ààrẹ.

Lójú tèmi, àǹfààní ńlá kan nínú ẹgbẹ́ yìí ni pé ó fún àwọn ènìyàn rẹ̀ láyè láti kọ́ iṣẹ́ olórí: dídarí ìpàdé, títọ́jú owó, bíbá ìjọba sọ̀rọ̀. Estelle Massey Osborne ṣe ààrẹ rẹ̀ láti 1934 sí 1939. Mabel Staupers, ọmọ bíbí Barbados, di akọ̀wé àgbà rẹ̀ ní 1934. Ní 1941, nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú mẹ́rìndínlọ́gọ́ta (56) péré ni ẹgbẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní àwọn yóò gbà. Staupers kò dákẹ́, títí wọ́n fi mú òté náà kúrò ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1945.

Nígbà Tí Ilẹ̀kùn Ṣí

Ní 1948, àwọn aṣojú ANA fẹnu kò pé nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú tí ìpínlẹ̀ rẹ̀ bá kọ̀ lè wọ ẹgbẹ́ àpapọ̀ tààrà. Ní ọdún kan náà ni wọ́n dìbò yan Osborne sínú ìgbìmọ̀ ANA. Ẹ kíyè sí i pé ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ṣí, àyípadà sì dé bá àwọn tí ó jókòó nínú ìgbìmọ̀. Ní 1949 àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Franklin dìbò pé kí ẹgbẹ́ wọn parí iṣẹ́. Ní 1951 ó kógbá wọlé.

Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀kùn ṣí yàtọ̀ sí kí àga kan ènìyàn. Ní 1971, àwọn nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú tún dá National Black Nurses Association sílẹ̀, nítorí wọ́n rí i pé a kò gbọ́ ohùn wọn tó. Ọdún 1978 ni Barbara Nichols tó di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó ṣe ààrẹ ANA, lẹ́yìn tí ó ti ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀ Wisconsin. Ó wà lórí oyè títí di 1982. Láti 1948 sí 1978, ọgbọ̀n ọdún gbáko ni. Ní 2022, ANA fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ ní gbangba pé òun ṣe àìdáa, ó sì tọrọ àforíjì.

Ohun Tí Ó Kàn Wá

Ẹnìkan lè sọ pé ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ gbọdọ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Òótọ́ ni. Kò yẹ kí ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì máa yan olórí fún àwọn nọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà tí ó ń béèrè ìwé ẹ̀rí ń dáàbò bo aláìsàn. Èyí tí ó ń wo àwọ̀ kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni àfi àwọn tí ó ti jókòó sínú ilé.

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn ẹgbẹ́ tiwa náà, títí kan ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ta ni ó ń kọ orúkọ àwọn olùdìbò sílẹ̀? Ọjọ́ wo ni gbèdéke owó ẹgbẹ́, ta ni wọ́n sì sọ ọ́ fún? Ṣé ẹni tí kò di ipò kankan mú rí lè jáde? Bí a bá dúró di alẹ́ ọjọ́ ìdìbò kí a tó bèèrè, ó ti pẹ́. Igi gańgańran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ẹ gba ìwé òfin ẹgbẹ́ yín, kí ẹ sì kọ́kọ́ ka ojú ewé tí ó sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ó lè jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́.