Ìbẹ̀wò Abẹ́ Ìṣọ́: Òbí àti Ọmọ Lẹ́yìn Ìkọ̀sílẹ̀ Lábẹ́ Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ yìí ni ètò tí ilé-ẹjọ́ fi ń jẹ́ kí òbí tí ọmọ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ rí ọmọ náà lójú ẹni kẹta. Ìbẹ̀wò abẹ́ ìṣọ́ ni a ó máa pè é.

Láyé àtijọ́, ìdílé bàbá ni ó ni ọmọ. Bí ìyá bá kó jáde nílé ọkọ, ọmọ ọmú nìkan ni ó máa ń gbé lọ, títí yóò fi já a lẹ́nu ọmú. Bí ó bá sì wá wo àwọn tí ó fi sílẹ̀, inú agbo ilé tí ojú pọ̀ sí ni yóò ti rí wọn. A lè sọ pé ìṣọ́ wà nígbà náà, ṣùgbọ́n ire ìdílé ni ó ń ṣọ́.

Òfin Ẹjọ́ Ìgbéyàwó ti ọdún 1970, tí ó kan ìgbéyàwó alábẹ́ òfin ìjọba nìkan, yí èyí padà. Abala 71 rẹ̀ sọ pé ire ọmọ ni kí adájọ́ fi ṣíwájú. Ó gbà á láyè láti dúró de ìròyìn òṣìṣẹ́ wẹ́fíà, kí ó sì sọ bí òbí kejì yóò ṣe máa rí ọmọ. Ní Èkó, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ ti ọdún 2007 tún wà, àti òfin ìdáàbòbò lọ́wọ́ ìwà ipá inú ilé ti ọdún kan náà. Èyí ìkẹyìn yìí ṣe pàtàkì jù fún wa: ó fún ilé-ẹjọ́ lágbára láti dí ẹni tí ó hùwà ipá lọ́wọ́ rírí ọmọ, tàbí kí ó gbà á láyè pẹ̀lú àdéhùn. Inú ọ̀rọ̀ "àdéhùn" yìí ni ìbẹ̀wò abẹ́ ìṣọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀ sí.

Ta ni yóò wá ṣọ́ wọn? Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ibùdó wà tí a yà sọ́tọ̀ fún un, tí òṣìṣẹ́ lè jókòó tì wọ́n kí ó sì kọ ohun tí ó rí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a gbà pé ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún 6 ń gbé ní Ẹgbẹ́dá, tí ọkọ àtijọ́ tí ó ń lù ú sì wà ní Ìkòròdú. Ilé ìyá kò ṣeé lò. Ààbò rẹ̀ ni pé ọkùnrin náà kò mọ ibẹ̀. Ọjọ́ iṣẹ́ ni ọ́fíìsì ìjọba ń ṣí, ọmọ sì wà ní ilé-ìwé nígbà náà. Àwọn kan yóò ní kí a gbé e fún ìyá bàbá, nítorí pé ẹbí kì í gba owó. Ní èrò tiwa, èyí léwu: ìyá àgbà tí ó bá rí àṣìṣe ọmọ rẹ̀ yóò bò ó ni, kò ní kọ ọ́ ránṣẹ́ sí adájọ́. (Ẹbí ìyá náà kò sàn jù, ẹni tí inú ń bí kò lè jẹ́ ẹlẹ́rìí tòótọ́.)

Ohun tí a rò pé ó tọ́ ni pé kí àṣẹ ilé-ẹjọ́ fúnra rẹ̀ dárúkọ ẹni tí yóò ṣọ́ wọn, ibi tí wọn yóò ti pàdé, wákàtí tí wọn yóò lò, àti ẹni tí yóò san owó ọkọ̀ láti Ìkòròdú wá. Kí ó sì dá ọjọ́ àtúnyẹ̀wò. Bí kò bá dá a, ọmọ ọdún 6 yóò di ọmọ ọdún 12 tí ó ṣì ń bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lójú àlejò, yálà bàbá náà ti yí padà tàbí kò yí padà.